Aṣọ Kẹrin Nínú Ìkòkò Aró

Aṣọ mẹ́ta ni wọ́n jù sínú ìkòkò aró. Mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀.

Àfúsá tó ni ìkòkò ló rí ìkẹrin. Wọ́n ti fa mẹ́ta jáde tán, èrò ti hó yèè, wọ́n ti ń tú kúrò ní ọgbà aláró ní Ìtòkú, wọ́n forí lé etí odò Ògùn. Àfúsá fi ọ̀pá ro aró rẹ̀ kó tó dé e. Nǹkan kan wúwo mọ́ ọ̀pá náà. Ó gbé e sókè. Aṣọ ni, tí wọ́n fi ìko dì bí àwọn yòókù. Ó tú ìko rẹ̀, òrùka funfun kan sì là gedegbe láàárín aró.

Àmì Ìtòkú ni òrùka. Òrùka kan náà ló sì wà lára aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ fà jáde níṣojú gbogbo ènìyàn.

Àfúsá figbe ta. Igbe náà ló dá èrò padà, kí Ínsípẹ́kítọ̀ Haleemah Àjàlá sì tó dé ibẹ̀, wọ́n ti fa ẹ̀wù Saheed ọmọ Ìtòkú ya mọ́ ọn lọ́rùn.

Ọkọ̀ mẹ́ta ló ń díje lọ́dọọdún: ti Ìtòkú, ti Ìgbẹ̀ìn àti ti Alábàtà. Wọn kì í gbéra pọ̀, nítorí pé àpáta méjì fún odò lọ́rùn níbì kan lójú ọ̀nà, débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè kọjá. Ojú Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀, gbogbo awakọ̀ á jókòó tẹ̀ríba, àfi ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní atọ́nà. Òun á dúró ṣánṣán níwájú ọkọ̀, á máa fi ọ̀pá ti àpáta kúrò lára ọkọ̀. Nítorí náà wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni, aago ni yóò sì sọ ẹni tó yá jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbéra, omi tó dákẹ́ ló ń bá pàdé. Ẹni tó bá kẹ́yìn, ìgbì àwọn tó ti lọ ló ń jẹ. Ìdí nìyí tí gbogbo wọn fi ń fẹ́ ipò kìíní bí ẹni ń fẹ́ omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ìjà má baà bẹ́, ìkòkò aró ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á mú ègé aṣọ funfun kan wá, tí wọ́n ti fi ìko di àmì àdúgbò wọn sínú rẹ̀. Wọn á jù wọ́n sínú aró níṣojú ara wọn. Tó bá yá, obìnrin aláró kan á gbójú sókè, á ki ọwọ́ bọ ìkòkò, á máa fà wọ́n jáde. Èrò á dúró lókèèrè títí ìkẹta á fi jáde. Aró kì í mọ ọmọ ẹni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláró máa ń wí.

Lọ́dún yìí, Àlájà Mọ̀nsúrát ló fa aṣọ. Òun ni àbúrò ìyá Saheed, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Saheed sì ni atọ́nà ọkọ̀ Ìtòkú.

"Olè!" Akóredé, atọ́nà ọkọ̀ Ìgbẹ̀ìn, ló ń pariwo. "Aṣọ méjì fún ọkọ̀ kan! Ẹ̀yin ará Ìtòkú, ẹ ò lè wa ọkọ̀ lọ́dún kan láìṣe màgòmágó?"

"Ta lò ń pè lólè?" Saheed ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Wá sọ ọ́ létí mi."

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe létí ẹ? Etí tí kò gbọ́ fèrè lọ́dún tó kọjá?"

Ọ̀rọ̀ náà bà wọ́n. Saheed gbé ọwọ́, Haleemah sì ti wà láàárín wọn.

"Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í," ó ní, "inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ni yóò ti wo ìdíje."

Kò pariwo. Haleemah kì í fi ohùn ṣòfò, kì í sì í fẹ́ràn ẹni tó bá ń fi tirẹ̀ ṣòfò. Ó gba aṣọ méjèèjì, ó gbé wọn síra. Òrùka pẹ̀lú òrùka. Ìkan kò dín, ìkan kò lé.

Bàbá Theophilus Akínrẹ̀mí ló yọ síwájú. Alága ìdíje ni, ará Ìgbẹ̀ìn ni, Akóredé sì ni ọmọ rẹ̀. Apẹja ni nígbà tí agbára wà. Lọ́dún tó kọjá, Sámúẹ́lì àkọ́bí rẹ̀ kú sínú odò yìí, nígbà tí ọkọ̀ Ìtòkú kọlu ọkọ̀ Ìgbẹ̀ìn láti ẹ̀yìn. Saheed ló dúró níwájú ọkọ̀ Ìtòkú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ó gbéra kí fèrè tó dún. Àárín ìjọ ni Bàbá Theophilus ti dìde pé òun dárí jì í, títí di òní ni àwọn ìyá ìjọ ṣì ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn.

"Ínsípẹ́kítọ̀, ọmọ mi," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ eré ni. Èrò ti kún etí odò, òrùn ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ètò dúró bó ṣe wà. Kí Ìtòkú ṣíwájú, kí Alábàtà tẹ̀lé e, kí Ìgbẹ̀ìn kẹ́yìn."

"Bàbá!" Akóredé la ẹnu sílẹ̀. "Wọ́n rẹ́ wa jẹ, ẹ tún ní ká gbà?"

"Mo ní kí ètò dúró. Èmi ará Ìgbẹ̀ìn ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wo àgbà!" àwọn obìnrin ní. "Ọlọ́run á fún wa ní irú wọn."

Haleemah kò bá wọn yìn ín. Nǹkan kan há a lọ́kàn bí egungun ẹja ṣe ń há ọ̀fun, kò sì tíì rí i yọ.

"Ètò kò ní dúró, kò sì ní yẹ̀, títí n ó fi mọ ẹni tó fọwọ́ kan aró," ó ní.

*

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí ni Muideen, atọ́nà ọkọ̀ Alábàtà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àfúsá búra pé òun rí i tó ń yọ́ rìn lẹ́bàá ìkòkò nígbà tí gbogbo ènìyàn dúró lókèèrè. Sájẹ́ǹtì Harriet mú un wá ní apá, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú bí ẹni ń ta ẹja.

"Ọ̀gá, ẹ wo ẹnu ìka rẹ̀. Aró."

"Madam, I swear," Muideen ní, "ẹnu ìkòkò ni mo kàn fọwọ́ dì mú. Mi ò ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀."

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

Ó ń fi ọwọ́ kejì ti fóònù wọ àpò.

"Mo ní kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń ya fídíò ni, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìyá aláró gbọ́. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń gbà bí owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá yà á. Níbo lèmi akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́ rí ewúrẹ́?"

"Ṣebí iṣẹ́ àgbẹ̀ lò ń kọ́," Harriet ní.

Haleemah na ọwọ́. Muideen gbé fóònù rẹ̀ sí i.

Fídíò náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀. Àlájà Mọ̀nsúrát gbójú sókè, ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn tí àwọn aláró ń wọ̀ nítorí kọ́sítíìkì inú aró tó ń jó ara bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Ó fa aṣọ kìíní jáde, ó gbé e sókè, èrò hó. Ó fa ìkejì. Ó fa ìkẹta.

Haleemah dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà, ó bojú wo ìkòkò àwọn aláró tó tò káàkiri ọgbà náà. Inú agbo-ilé bí èyí ni wọ́n bí òun náà sí, kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá.

"Harriet, wo ìkejì yìí. Àwọ̀ wo ló ní bó ṣe ń jáde?"

"Àwọ̀ ewé, mà. Ó dà bí ẹ̀fọ́ tútù. Ó dúró díẹ̀, ó wá di àwọ̀ aró."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Bákan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni aró ń ṣe. Inú ìkòkò kọ́ ló ti ń dúdú, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Wá wo ìkíní wàyí."

Harriet tẹ orí ba fóònù. Muideen náà na ọrùn.

"Láti inú ìkòkò ló ti dúdú," Harriet ní.

"Torí pé wọ́n ti rẹ ẹ́ ní ọjọ́ mìíràn, ó sì ti gbẹ. Wọ́n kàn rì í bọ omi kó lè tutù ni. Aṣọ tí Ìtòkú jù sínú ìkòkò níṣojú gbogbo èrò ni Àfúsá fi ọ̀pá gbé. Èyí tó jáde ní ipò kìíní, láti ìta ló ti wá."

"Ṣé inú ìbọ̀wọ́?"

"Ibòmíràn wo ló kù?"

Muideen tú èémí. "Ṣé mo lè máa lọ, mà? Ẹ ò ní sọ fún wọn?"

"Fóònù yìí ń dúró lọ́dọ̀ mi. Ìwọ máa lọ."

*

Àlájà Mọ̀nsúrát jókòó nínú yàrá aláró láàárín ìdì aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á. Haleemah kúnlẹ̀ kí i nítorí pé ìyá ni. Ó wá dìde jókòó, nítorí pé iṣẹ́ ló gbé òun wá.

"Ẹ kú ìjókòó, Àlájà. Ẹ jẹ́ kí n rí ìbọ̀wọ́ yín."

Ìyá náà tì í sí i láìwò ó. Haleemah yí inú èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún síta. Èérún ìko kan lẹ̀ mọ́ ọn nínú, níbi tí ọrùn ọwọ́ máa ń wà.

Ó gbé e sí iwájú ìyá náà.

"Saheed kò mọ̀ sí i," Àlájà Mọ̀nsúrát ní. "Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mi. Èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ fi ti inú ìkòkò bọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí mo bá ń fa ìkẹta, ó rì, mi ò rí i mú mọ́."

"Ẹ fẹ́ kó gba ife?"

"Ife kí ni?" Ojú rẹ̀ pọ́n. "Kó má baà kú ni! Ọmọ tí mo gbà lọ́wọ́ òkú ìyá rẹ̀, kí n tún wá gba òkú rẹ̀? Wọ́n ní bó bá bọ́ sí àárín, tàbí sí ẹ̀yìn, àwọn ọmọ Ìgbẹ̀ìn á fi ọkọ̀ há a, wọ́n á gbẹ̀san Sámúẹ́lì lójú omi. Wọ́n ní iwájú nìkan ni ibi ààbò, pé níbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní sí níwájú rẹ̀. Wọ́n di aṣọ náà, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n gbé e fún mi."

"Ta ni 'wọ́n'?"

"Mo ti gbé Kùránì pé mi ò ní sọ."

"Ará Ìtòkú ni?"

"Ará Ìtòkú wo ni yóò mọ ohun tí àwọn ọmọ Ìgbẹ̀ìn ń sọ nínú yàrá wọn?" Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán ni ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Haleemah dìde. Ó wo obìnrin náà, tó ti fi ìfẹ́ ra ikú láìmọ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún àánú.

"Àlájà, ẹ máa ka tẹ́sùbáà yín. Ẹ bẹ Ọlọ́run kí n dé odò kí wọ́n tó gbéra."

*

Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Harriet ń wakọ̀, Haleemah ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tú ìko lára aṣọ.

"Ẹnì kan tí kì í ṣe ará Ìtòkú fẹ́ kí Ìtòkú ṣíwájú. Gbogbo wa ń wá ẹni tó fẹ́ kí wọ́n borí. Ibẹ̀ la ti ṣìnà. Bí ipò kìíní bá jẹ́ oúnjẹ, kí ló dé tí ará Ìgbẹ̀ìn ń fi í bọ́ ọmọ Ìtòkú?"

"Bóyá májèlé ló wà nínú ẹ̀," Harriet ní.

"Gan-an. Kí ni ọkọ̀ kìíní ń ṣe tí ìkejì kì í ṣe?"

"Òun ló ń rí omi tó dákẹ́."

"Kí ló tún kù?"

Harriet ronú. "Òun ló ń kọ́kọ́ kọjá ní Ojú Abẹ́rẹ́."

"Ta ló sì máa ń dúró níwájú ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà tí gbogbo yòókù bá tẹ̀ríba?"

"Atọ́nà. Saheed." Harriet tẹ iná mọ́ ọkọ̀. "Ọ̀gá, láti àná ni Bàbá Theophilus ti ti odò mọ́ àwọn apẹja. Ẹ̀gbọ́n mi apẹja ń ráhùn ní ilé. Ó ní wọn kì í tì í kó tó di àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, pé kí ló dé tí wọ́n fi lé àwọn kúrò ní Ojú Abẹ́rẹ́ tipátipá."

Egungun tó há Haleemah lọ́kàn láti ìgbà tó ti wà ní ọgbà aláró yọ. Bàbá tí wọ́n rẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ, tó ní kí ìrẹ́jẹ dúró bó ṣe wà. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ tọrẹ, ó yẹ kí a wo ọwọ́ rẹ̀ kejì.

"Gba ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì àwọn ọlọ́pàá, gba ẹ̀yìn òkè lọ. Má jẹ́ kí wọ́n rí ọ. Ohunkóhun tó o bá rí níbẹ̀, gé e, kó o mú un wá fún mi."

Haleemah dúró sábẹ́ igi kan létí odò. Kò sí ọkọ̀ apẹja kan, kò sí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́. Odò náà dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ọ̀gá, wáyà ni." Ohùn Harriet ti yí padà. "Tín-ín-rín. Wọ́n nà án láti àpáta dé àpáta, lábẹ́ òjìji. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án kí n tó rí i. Ẹni tó bá jókòó, á kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gan-an ló bá mu."

"Gé e."

"Mo ti gé e. Ẹ mú bàbá náà wàyí."

"Kí ni n ó fi mú un? Wáyà kò lẹ́nu. Yóò ní apẹja ló so àwọ̀n síbẹ̀. Àlájà kò sì ní da ìbúra Kùránì rẹ̀." Haleemah wo ibi tí ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dúró sí. "Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́."

*

Èrò pọ̀ bí esú. Bàbá Theophilus dúró lórí àpáta kékeré kan, aṣọ funfun ló wọ̀, fèrè sì so mọ́ ọn lọ́rùn. Òun ló máa ń fún un. Ọkọ̀ Ìtòkú ti wà níwájú, Saheed gbé ọ̀pá dání níwájú rẹ̀.

Haleemah gòkè lọ bá bàbá náà, ó wá kọjú sí odò, ó sì gbé ohùn sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Wọ́n fọwọ́ kan aró. Mo ti rí i dájú. Nítorí náà ètò yí padà! Ìgbẹ̀ìn ni yóò kọ́kọ́ gbéra, Alábàtà á tẹ̀lé e. Ìtòkú ni yóò kẹ́yìn."

Àwọn ará Ìgbẹ̀ìn hó, odò gbà á. Saheed ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Akóredé fo sí iwájú ọkọ̀ Ìgbẹ̀ìn, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ sí àwọn ará Ìtòkú bí ọkọ̀ wọn ti ń sún sẹ́yìn fún tirẹ̀.

"Ẹ bá wa gbálẹ̀ dè wá o! À ń bọ̀!"

Bàbá Theophilus kò hó. "Ta ló pàṣẹ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ṣé kò tọ́ ni? Wọ́n rẹ́ yín jẹ, mo sì dá ẹ̀tọ́ yín padà."

"Mo ní kí ètò dúró bó ṣe wà."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ fún fèrè, òrùn ń lọ."

Ó gbé fèrè sẹ́nu. Àyà rẹ̀ wú. Gbogbo etí odò dákẹ́, awakọ̀ Ìgbẹ̀ìn tẹ̀ síwájú lórí àjẹ̀ wọn.

Fèrè kò dún.

"Bàbá, ẹ fún un!" Akóredé ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ọjọ́ orí ti gba èémí yín?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá Theophilus tún gbé àyà sókè, èémí náà sì já síta láìgba inú fèrè.

"Bí ẹ̀yin kò bá lè fún un," Haleemah ní jẹ́jẹ́, "ẹ gbé e fún mi." Ó na ọwọ́ sí okùn fèrè náà.

Bàbá Theophilus já ara rẹ̀ gbà. Ó bọ́ sílẹ̀ láti orí àpáta, ó wọ inú omi pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú aṣọ funfun, títí omi fi mu ún dé àyà. Ó di imú ọkọ̀ Ìgbẹ̀ìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Sọ̀kalẹ̀."

"Bàbá, kí ló dé?"

"Mo ní o sọ̀kalẹ̀! Akóredé! Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Ìwọ, sọ̀kalẹ̀!"

"Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un, Bàbá," Haleemah ní láti òkè.

Bàbá Theophilus kò wo Haleemah. Saheed ló wò, tó dúró nínú ọkọ̀ tó kẹ́yìn.

"Mo dúró níwájú ìjọ," ó ní, ohùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, "mo ní mo dárí jì ọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo délé, mo rí àwo Sámúẹ́lì lórí tábìlì."

Nígbà yẹn ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn ọlọ́pàá yọ láti ẹ̀yìn òkè. Harriet ló dúró nínú rẹ̀, wáyà tí ó ká lọ́wọ́ rẹ̀ ń dán nínú òrùn. Ó gbé e sókè kí Haleemah lè rí i. Gbogbo etí odò ló rí i.

Akóredé wo wáyà náà. Ó wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó wo ibi tó dúró sí níwájú ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, ó fi kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó wá yíjú wo Saheed. Gíga wọn kò ju ara wọn lọ.

Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí i láti inú omi pé kó dì í mú kó lè sọ̀kalẹ̀.

Akóredé gbé ọ̀pá náà lélẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ ló gbà sọ̀kalẹ̀.